Wẹ́ẹ̀jì Òkè Mókọlá

Kí n má tíì gbé e. Kí n má tíì gbé e rárá. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ yìí kúrò lórí bíréèkì báyìí, ẹ̀yìn ló ń lọ. Ó ti ṣe é lójú àwọn tó ń dán mi wò fún láísẹ́ńsì, kí ló máa wá ní kó má ṣe é níbí… Ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn yìí kò gbé pátákó rẹ̀ sílẹ̀. STOP ni wọ́n kọ sí i, pupa fòò. Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ níwájú, wọ́n fẹ́ tún páìpù gáàsì ṣe, apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní kó máa kọjá. Èmi ni mo wà níwájú pátápátá. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti lè dá mi dúró ní Hillcrest Heights wa yìí, ní Amẹ́ríkà níbí — àárín òkè. Àárín òkè gẹ́lẹ́.

Mo wo dígí. Ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí ló wà lẹ́yìn mi. Ó súnmọ́ mi débi pé mi ò rí táyà rẹ̀, imú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló wà láàárín wa… bóyá kò tó mẹ́ta. Mẹ́ta náà ni obìnrin tó dán mi wò lẹ́ẹ̀kejì kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ mi yí padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó ní tí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn ńkọ́. Ó rọra sọ ọ́ ni, kò jágbe mọ́ mi. Bó ṣe rọra sọ ọ́ yẹn ló dùn mí jù, torí pé mi ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lọ́rùn.

Tí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn ńkọ́.

Bàbá Ìdrís, ọkọ mi, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ọwọ́ tó wa takisí ní DC fún ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló yẹ kó wà níbi tí mo wà yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, òun ló ń gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé mi bọ̀, òjò ni o, yìnyín ni o. Àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé nínú gbogbo Prince George's County, èmi nìkan ni mo ní dẹ́rẹ́bà. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní kí wọ́n lọ fẹ́ tiwọn. Mo ń gbádùn ara mi nígbà náà, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ọkọ mi ló wá ń kú láti ẹ̀gbẹ́. Dókítà ní ọ̀ọ́kán nìkan ló kù tó ń rí dáadáa, ó ní apá òsì ti lọ tán, ó ní kó má wa ọkọ̀ mọ́. Bàbá Ìdrís ní òun ti gbọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ní ká máa lọ kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Láísẹ́ńsì rẹ̀ ṣì wà lápò rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ kò tíì tán. Láísẹ́ńsì yẹn náà ni òfin wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó fi gbà kí n máa wa ọkọ̀ lónìí, torí ẹni tó ṣì ń kọ́ ọkọ̀ ni mí. Ẹni tí kò ríran tán ló ń ṣọ́ ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà tán. Ọlọ́run ló ń kó wa yọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá… mi ò fẹ́ rò ó. Mo sì ń rò ó. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ bọ̀ láti apá òsì, níbi tí a ti máa ń yà sí ọ̀nà Camp Springs. Èmi rí i. Bàbá Ìdrís kò rí i. Mo pariwo, ó tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ ọmọ náà dúró sójú kan níwájú wa, ohun tó ṣẹ́kù láàárín wa kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Obìnrin náà kò bú wa. Ó wò wá, ó wò wá, ó sì ti ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a délé, ó fẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́, ó fà á títí, kọ́kọ́rọ́ náà kọ̀ tí kò yọ.

Mo ní kó fún mi. Kò fún mi. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Tí o bá gba láísẹ́ńsì lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, kọ́kọ́rọ́ di tìẹ. Tí o ò bá gbà á, èmi ni màá máa gbé ẹ lọ. Ìyàwó mi ò ní dúró de bọ́ọ̀sì ní ìdájí."

Òní ni Jímọ̀ọ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi láti wá ṣe ìdánwò kẹta. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Tí mo bá tún yí sẹ́yìn lónìí, ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ mi tó ń bọ̀… ọjọ́ Ajé, òun, kọ́kọ́rọ́, ìdájí, àti apá òsì tí kò sí mọ́. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọmọ wo ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣé èmi á tún tètè rí i?

Kì í ṣe pé mi ò mọ ọkọ̀ wà o. Èyíwùnmí lè jẹ́rìí sí i, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan náà. Òun ló ń kọ́ mi ní gbàgede ìgbọ́kọ̀sí pápá ìṣeré ńlá ní Landover, lọ́jọ́ tí kò bá sí eré. Mo ń yí po, mo ń fẹ̀yìn wọlé, mo ń páàkì sáàárín ìlà méjì bí ẹní gbé àwo sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ ti mọ̀ ọ́n, you got this." Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Landover yẹn lọ rẹrẹ ni. Kò sí gegele kan níbẹ̀, ibi tí mo sì ń gbé, òkè ni gbogbo rẹ̀. Èmi àti Èyíwùnmí, kò sí ẹni tó rántí òkè nínú wa.

Ìdrís ọmọ mi ní tirẹ̀ ń fi fóònù kọ́ mi. "Mummy, it's automatic. Ẹ kàn yára gbé ẹsẹ̀ yín, that's all." Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí bíi Fátíà: fa háńbíréèkì sókè, rọra tẹ tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré títí ọkọ̀ á fi gbé imú, tó bá ti fẹ́ máa lọ, ju háńbíréèkì sílẹ̀. Mo lè kà á látòkè délẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kì í gbọ́. Bó bá ti kúrò lórí bíréèkì, á dúró lófurufú, láàárín bíréèkì àti tọ́tù, á máa dúró de nǹkan kan, ọkọ̀ á sì máa yí lọ sẹ́yìn lábẹ́ mi.

Mo mọ ohun tó ń dúró dè. Mi ò lè sọ ọ́ fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ tó kọ mẹ́ta sínú ìwé. Ohùn ló ń dúró dè. Ohùn ọmọdébìnrin kan láti ẹ̀yìn ọkọ̀ —

Ó ti wà níbẹ̀, Bàámi.

Ìbàdàn. Ọjọ́ Sátidé. Píkọ́ọ̀pù Píjò Bàámi kún fún pákó tí wọ́n rà ní Bódìjà, àwọn káfíńtà ń dúró dè é lẹ́yìn Mókọlá, èmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàámi níwájú. Òórùn pákó tútù… ó ti tó ogójì ọdún, tí mo bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń lagi níhìn-ín, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń dúró. Ìyẹ̀ igi á bò wá látòkè délẹ̀. Á wà nínú irun mi, á wà nínú fìlà Bàámi, ìyá mi á ní ká gbọn ara wa nù níta kí a tó wọlé. Inú mi máa ń dùn sí Sátidé débi pé mi ò ní sùn dáadáa láti àná rẹ̀.

Òkè Mókọlá nìkan ni mi ò fẹ́. Ọkọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, a ó sún díẹ̀, a ó dúró, a ó sún díẹ̀, a ó dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ dúró láàárín òkè, tí pákó ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn wa, mo gbá iwájú ọkọ̀ mú, mo bú sẹ́kún, mo ní ẹ̀yìn la ń lọ. Bàámi kò bá mi wí. Wọn kò tilẹ̀ ní kí n dákẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, wọ́n fa gígé pákó kan yọ, tó nípọn lápá kan tó fẹ́lẹ́ lápá kejì. Wẹ́ẹ̀jì. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa di mọ́tò yìí mú. Lọ fi í sẹ́yìn táyà. Tó bá ti wà níbẹ̀, kí o sọ fún mi. Mi ò ní kúrò títí o fi máa sọ."

Ẹkún tán. Níbo ni mo ti fẹ́ ráyè ẹkún? Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọkọ̀ ò ní tíì dúró tán tí màá ti bọ́ sílẹ̀. Màá bẹ̀rẹ̀, màá ti wẹ́ẹ̀jì sẹ́yìn táyà. Bàámi á yọrí lójú fèrèsé, fìlà á ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á ní, "Mọ̀nsúrá, ó ti wà níbẹ̀?" Màá ní, "Ó ti wà níbẹ̀, Bàámi." Wọ́n á ní, "Ó yá, mo ń lọ." Píjò á ké, á wọ́ ara rẹ̀ lọ sókè, èmi á he wẹ́ẹ̀jì mi, màá máa rìn tẹ̀lé e. Ìrìn ọkọ̀ lórí òkè yẹn kò yá ju ìrìn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe títí a ó fi gun orí rẹ̀.

Lórí òkè, Bàámi á yà sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ra ọsàn, wọ́n á bẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á nà án sí mi. Wọ́n ní ẹni tó di mọ́tò mú ló ń kọ́kọ́ mu. Mi ò tíì mu ọsàn tó dùn bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Màá jókòó, màá wo ìsàlẹ̀ òkè, màá wo gbogbo àwọn ọkọ̀ tó ṣì ń jìjàkadì níbẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé èmi ni mo gbé ẹrù pákó yẹn gòkè. Tí mi ò bá sí níbẹ̀, Bàámi á ti bá ẹ̀yìn lọ, àwọn káfíńtà ò ní rí pákó kàn.

Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Nígbà tí a sin Bàámi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Èmi ní kí wọ́n fún mi ní wẹ́ẹ̀jì. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló dà mí lórí rú. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e wọ bàálù. Abẹ́ ìjókòó mi ló wà báyìí, níbi tí ti Bàámi máa ń wà.

Òun ló kó bá mi nígbà ìdánwò àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó dán mi wò lọ́jọ́ náà ní kí n dúró lórí ibi tó dagẹ̀rẹ̀, kí n tún gbéra. Mo dúró. Dáadáa ni mo dúró. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi lọ sábẹ́ ìjókòó, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn táyà kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ma'am? Ma'am, what are you doing?" Ìyá ọlọ́mọ, ẹni àádọ́ta ọdún lé, tó ń ti igi sẹ́yìn Corolla. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ìdánwò parí síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bàbá Ìdrís, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ìhà mú. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. A jọ mọ ẹni tí yóò wakọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fi wẹ́ẹ̀jì sílé. Ìyẹn ni ìgbà tí ẹsẹ̀ mi dúró lófurufú.

Ọkùnrin ẹlẹ́wù ọsàn ń bá rédíò ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ mélòó ló kù tó ń sọ̀ bọ̀? Mẹ́rin… márùn-ún. Ó ti fẹ́ yí pátákó. Orúnkún mi ti ń gbọ̀n. Kó má gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n.

"Ìyá Ìdrís."

Kò rí orúnkún mi. Ó ń gbọ́ ọ lára ọkọ̀ ni, ẹni tó ti wa ọkọ̀ pẹ́ ni.

"Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀? Kí n lọ bá ẹ fi igi Bàbá sẹ́yìn táyà. Kò sẹ́ni tó ń dán ẹ wò níbí, kò sẹ́ni tó máa rí wa."

Kì í ṣe eré ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Mo ní rárá. Mo ní kó jókòó, ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Òun, lẹ́yìn ọkọ̀ yìí? Láàárín èmi àti ọkọ̀ pàǹtí, nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, pẹ̀lú ojú tí kò rí òsì, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kì í gbọ́ tèmi? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ló máa fi ẹni tó fẹ́ràn sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò dá a lójú pé ó dúró? Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe —

Dúró ná.

Bàámi fi mí sẹ́yìn ọkọ̀.

Bàámi tí kì í jẹ́ kí n fa omi nínú kànga, wọ́n ní okùn á fà mí wọlé. Bàámi tó ń di ọwọ́ mi mú sọdá títì títí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ojú ń tì mí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Bàámi yẹn náà ni wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù tó kún fún pákó, lórí òkè… tí bíréèkì rẹ̀ kò mú? Àwọn? Bàámi?

Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwé ni mo wà. Ta ló ń fi wẹ́ẹ̀jì sí i? Pákó ń dé Mókọlá lójoojúmọ́. Àwọn tó ń bá Bàámi kó pákó sọ́kọ̀ kì í tẹ̀lé wọn kúrò ní Bódìjà. Bàámi nìkan ni… àwọn nìkan ló ń gun òkè yẹn.

Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó. Òun nìyí. Mo gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé igi yìí kiri tí mi ò wò ó? Igun rẹ̀ ṣì mú. Ẹnu tó fẹ́lẹ́ yẹn, kò fọ́, kò rún, kò sí ojú táyà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ọkọ̀ tó kún fún pákó kò sinmi lé e rí. Kò sinmi lé e lẹ́ẹ̀kan.

Ẹsẹ̀ Bàámi ló di ọkọ̀ mú, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, wọ́n á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á máa dúró de ohùn mi bí ẹni tó nílò rẹ̀. Èmi ni wẹ́ẹ̀jì yẹn ń dì mú. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ kí ẹ̀rù lè rí iṣẹ́ ṣe. Wọn kò sì sọ ọ́ fún mi títí wọ́n fi kú, wọ́n jẹ́ kí n máa jẹ ògo rẹ̀ lọ. Ah, Bàámi. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni.

Ọkọ̀ kan ló kù lókè.

Bàbá Ìdrís ti padà gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó dojú kọ iwájú, ó ń wo ọ̀ọ́kán tó kù fún un. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, gbígbà ni gbogbo wa ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdrís gba takisí tà. Èmi ń jà láti gba kọ́kọ́rọ́. Kò sí ẹni tó fún un ní nǹkan kan nínú wa. Ẹ̀rù ń bà á. Mo ti ń pè é ní agídí láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rù ló ń bà á, ọkọ mi.

Mo gbé wẹ́ẹ̀jì lé e lọ́wọ́. Ó yà á lẹ́nu. Ó fi àtàǹpàkò wá ẹnu rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, ó rí i.

Mo ní, "Ẹ bá mi dì í mú. Tí mo bá bi yín, kí ẹ dá mi lóhùn. Mi ò ní kúrò títí ẹ fi máa sọ."

Kò béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó mọ ìtàn náà, ó ti fi í rẹ́rìn-ín tó. Ó gbé e lé orí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó gbé ẹ̀yìn ró lórí ìjókòó bó ṣe máa ń jókòó nínú takisí rẹ̀.

Ọkọ̀ tó kẹ́yìn kọjá. Ọkùnrin ẹlẹ́wù ọsàn yí pátákó rẹ̀. SLOW, kí n rọra máa bọ̀. Mo fa háńbíréèkì sókè. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, mo rọra tẹ tọ́tù. Ọkọ̀ gbé imú. Ẹni tó wa ọkọ̀ pàǹtí fọn fèrè lẹ́yìn mi, kó máa fọn ọ́n.

"Bàbá Ìdrís, ó ti wà níbẹ̀?"

Ó tún ọwọ́ dì lára igi náà.

"Ó ti wà níbẹ̀."

Ẹsẹ̀ mi wà nílẹ̀, ó wúwo, tèmi ni. Mo ju háńbíréèkì sílẹ̀.

Ó yá, mo ń lọ.